Ilé Ìtẹ̀fọ́tò Kan ní Òṣogbo tí Kì í Nu Ẹrẹ̀ Kúrò Lára Ọmọláńgidi

Bí ènìyàn bá ń wá ilé ìtẹ̀fọ́tò ní Òṣogbo tí yóò tẹ àwòrán ìgbéyàwó tàbí ti ìsọmọlórúkọ jáde kí ojú gbogbo ará ilé máa dán, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí i, nítorí wọ́n pọ̀ láti Ọláìyá títí dé Òkè-Fìà, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni ilé iṣẹ́ tí yóò gba àwòrán ọmọláńgidi tí apá rẹ̀ ti já, tí ẹrẹ̀ ti bò dé ọrùn létí gọ́tà, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà, láìfọ ojú rẹ̀, láìtan ìmọ́lẹ̀ sí i, láìgé etí àwòrán náà kúrò. Mo ti rí ọ̀kan, kò sì jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá tí ó ni ín kò fẹ́ kí a dárúkọ òun tàbí ilé iṣẹ́ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ó gbà pé kí n sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, èyí tí ó dára níbẹ̀ àti èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn ohun ìṣeré ọmọdé tí ó sọnù, tàbí tí wọ́n ti dà nù, ni mò ń yà káàkiri àdúgbò: Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Àlékúwodò, Ìgbọ̀nà, Òkè-Bàálẹ̀, ibikíbi tí ẹsẹ̀ bá gbé mi dé ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Fóònù ni mo fi ń yà wọ́n. N kì í fi ọwọ́ kàn wọ́n, n kì í gbé wọn kúrò níbi tí mo ti bá wọn, n kì í sì jẹ́ kí ojú ọmọ kankan tàbí nọ́ńbà ilé ẹnikẹ́ni wọ inú àwòrán. Mo máa ń lóṣòó títí ojú fóònù yóò fi bá ojú ohun ìṣeré náà dọ́gba, nítorí bí a bá dúró lókè tí a wò ó nílẹ̀, ìdọ̀tí lásán ni yóò jẹ́ lójú ẹni tí ó bá rí i, ṣùgbọ́n bí a bá lóṣòó, ibi tí ọmọ tí ó ni ín ti ń wò ó ni àwa náà ti ń wò ó.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń dán ọgbọ́n ilé ìtẹ̀fọ́tò wò ju àwòrán ènìyàn lọ, nítorí ara ohun ìṣeré náà ni gbogbo ìtàn rẹ̀ wà. Rọ́bà tí oòrùn ti pa fún ìgbà pípẹ́ kò jọ rọ́bà tí ó já bọ́ lánàá. Pupa ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá lára rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò ìṣeré kan kọ sí oòrùn yóò fi di ràkọ̀ràkọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ tí ó fi lélẹ̀ yóò sì ṣì pọ́n bí ó ti wà ní ọjọ́ tí wọ́n rà á. Rọ́bà líle a máa gbẹ, a sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Ọmọláńgidi tí ara rẹ̀ rọ̀ ní tirẹ̀ a máa lẹ̀ bí ó bá ti gbó, nítorí pé èròjà olóròóró tí wọ́n fi mú un rọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni ó ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ekuru a sì rí ibi lẹ̀ mọ́, débi pé ní ìgbà ọyẹ́, ojú ọmọláńgidi náà yóò dà bí ojú ẹni tí ó pa àtíkè pupa. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò yóò ti ara àwọn àmì wọ̀nyí mọ̀ bóyá ohun ìṣeré náà já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n lórí ọ̀kadà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, tàbí bóyá ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà òjò tí ó kọjá. Bí ilé ìtẹ̀fọ́tò bá mú àwọn àmì náà kúrò, ohun tí ó kù kò ju ọmọláńgidi lásán lọ, èyí tí ènìyàn lè rí rà ní Ọjà Ọba.

Èyí tí ó tilẹ̀ ṣòro tẹ̀ jù lọ ni àwọn ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Mo ya ọ̀kan ní Àlékúwodò tí n kò lè gbàgbé. Agolo sádìnì ni ara mọ́tò náà, ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́rin ni táyà rẹ̀, wáyà iná tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ abẹ́ rẹ̀, okùn tí ọmọ náà fi ń fà á sì jẹ́ etí aṣọ àdìrẹ tí wọ́n ya. Ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹnu agolo náà níbi tí wọ́n ti ṣí i, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ṣì hàn. Ọmọ tí ó ṣe é ti yí ẹnu agolo náà sínú kí ó má bàa gé e lọ́wọ́; ó ti fi òkúta lu ú pẹlẹbẹ, ojú òkúta náà sì wà níbẹ̀ ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Nínú àwòrán kan ṣoṣo, ilé ìtẹ̀fọ́tò ní láti gbé dídán agolo, pupa ilẹ̀ àti aró tí ó ti ń ṣí lára aṣọ náà jáde, láìjẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i díẹ̀ báyìí, agolo yóò di funfun báláú, ojú òkúta yóò sì pòórá.

Ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo, ìlú tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró láti ayé àwọn baba wa, ojú ará ìlú yìí sì mọ ìyàtọ̀ láàárín aró tí ó kanlẹ̀ àti èyí tí kò kanlẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí àwọn tí ń tẹ fọ́tò láàárín wa ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ń tẹ àwọn àwòrán wọ̀nyí, ní apá ibòmíràn nínú ìlú, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tún gbogbo àwòrán ṣe. Kọ̀ǹpútà a gbà pé òkùnkùn àwòrán ti pọ̀ jù, a sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i. A gbà pé pupa rẹ̀ ti pọ̀ jù, a sì fi búlúù lé e. Ilẹ̀ pupa wa a wá di àwọ̀ eérú, ẹrẹ̀ a di òjìji. Nígbà kan wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ pa ẹrẹ̀ rẹ́ lójú ọmọláńgidi kan, wọ́n sì rò pé oore ni àwọn ṣe. N kò bá wọn wí, nítorí mo mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Àwòrán ènìyàn ni wọ́n fi ń jẹun. Ó ti pẹ́ tí a ti ń jókòó dáadáa síwájú kámẹ́rà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a ń tẹ́ aṣọ wa kí ó gbilẹ̀, tí a ń gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tí a sì ń fẹ́ kí ojú wa hàn kedere láìsí àbàwọ́n. Ayàwòrán tí ó bá gba owó lọ́wọ́ ìyá ìyàwó tí kò sì mú àbàwọ́n kúrò lójú rẹ̀, kí ó má retí pé yóò padà wá. Àṣà náà yẹ ènìyàn. Kò yẹ ohun ìṣeré tí ó sọnù.

Ní ilé iṣẹ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà fa àwòrán náà súnmọ́ ojú, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀ yìí, àbí bẹ́ẹ̀ náà lẹ fẹ́ ẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ ẹ.

"Òkùnkùn abẹ́ rẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó pa gbogbo àtúnṣe tí ẹ̀rọ náà ń dá ṣe, ó tẹ ẹyọ kan ṣoṣo jáde fún mi láti kọ́kọ́ yẹ̀ wò lójú oòrùn níwájú ìta, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù inú ilé, lẹ́yìn náà ni ó mú báírò tí ó kọ ọ́ sí ara àpò ìwé mi pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án." Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí mo bá bá nídìí ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ ọmọbìnrin náà tàbí ọmọ iṣẹ́ mìíràn, ohun tí ó wà lára àpò náà ni wọ́n ń tẹ̀lé. Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè sọ nípa ilé iṣẹ́ kan, mo ka èyí sí pàtàkì jù: wọ́n bèèrè kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n sì rántí ohun tí mo wí.

Bàbá tí ó ni ilé iṣẹ́ náà kọ́ iṣẹ́ nígbà tí inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń fọ fọ́tò, tí wọ́n ń da oògùn sínú abọ́, tí wọ́n sì ń sá bébà sórí okùn kí ó gbẹ. Kì í sábà dá sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó rí àwòrán ọmọláńgidi rọ́bà méjì tí ó dùbúlẹ̀ ti ara wọn, ó ní kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró ná.

"Níbo lo ti ya èyí?"

"Orí àkìtàn ni, Bàbá, láàárín àwọn ọ̀rá omi."

"Ṣé kò sí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn wọn? Ṣé wọn ò wọ aṣọ kan náà fún wọn?"

Mo ní rárá, mo sì fi àwọn àwòrán yòókù tí mo yà níbẹ̀ hàn án. Nígbà tí ó wò wọ́n tán ni ó tó ní kí ọmọbìnrin náà máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn fọ́tò nílẹ̀ wa lè rò pé àgbà náà kàn ń ṣe àṣejù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ère ni àwọn baba wa ń gbẹ́ dípò rẹ̀, tí ìyá yóò máa wẹ̀ fún un, tí yóò máa wọ̀ ọ́ láṣọ, tí yóò sì máa fún un ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọláńgidi rọ́bà kún ọjà, àwọn ìdílé mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí ipò ère tí agbẹ́gilére ì bá gbẹ́. Fọ́tò náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí kan náà, ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stephen Sprague ṣe ìwádìí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1975, ó sì rí i pé bí ìbejì kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tí ó kù ni ayàwòrán máa ń yà, tí yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí ó lè dà bí pé àwọn méjèèjì ni ó jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọn a ya ọmọ tí ó kù nínú aṣọ ọkùnrin, wọn a sì tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Nítorí náà, ní ìlú bíi tiwa, kì í ṣe gbogbo ọmọláńgidi tí ènìyàn bá rí nílẹ̀ ni ohun ìṣeré, ayàwòrán tí ó bá ń lóṣòó kiri sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀. Ohunkóhun tí mo bá bá ní oríta, tí epo, obì tàbí igbá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kì í yà á, mo máa ń kọjá lọ ni. Pé ilé ìtẹ̀fọ́tò kan mọ ìbéèrè yẹn í béèrè jẹ́ ohun tí owó kò lè rà, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ náà lónìí gbọ́ ọ lẹ́nu irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ wọn. Èyí tí wọ́n fi ń tẹ àwọn àwòrán kéékèèké kì í ṣe èyí tí ń fọ́n yíǹkì. Ríbọ́ọ̀nù ni ó ń lò, ooru ni ó sì fi ń gbé àwọ̀ kúrò lára ríbọ́ọ̀nù náà lọ sí ara bébà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ènìyàn bá dúró tì í, yóò rí bí bébà ṣe ń jáde tí ó sì tún ń wọlé: yẹ́lò ni ó kọ́kọ́ ń gbé jáde, tí ohun ìṣeré náà yóò fara hàn fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà píǹkì, tí pupa ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ẹ̀ẹ̀kẹta ni búlúù, tí òjìji yóò wá jókòó sí ààyè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹrin kò ní àwọ̀ kankan, ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó fi ń bo gbogbo rẹ̀ kí omi àti ìka ọwọ́ má bàa bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí àwòrán náà fi máa ń gbẹ kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Wọ́n lè ṣe ìbòrí náà kí ó dán, wọ́n sì lè ṣe é kí ó má dán. Èyí tí kò dán ni mo gba àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nímọ̀ràn láti gbà, nítorí lára èyí tí ó dán, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ni ènìyàn yóò máa rí níbi tí ó ti yẹ kí ó rí bí ẹrẹ̀ ṣe gbẹ tí ó sì sán.

Ọ̀rọ̀ etí àwòrán ṣe pàtàkì, àwọn oníbàárà púpọ̀ kì í sì kíyè sí i títí wọn yóò fi délé. Ọ̀pọ̀ fóònù a máa ya àwòrán ní ìwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n bébà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí ó jẹ́ íǹṣì 4 sí íǹṣì 6, jẹ́ ìwọ̀n mẹ́ta sí méjì. Kí àwòrán tó lè kún bébà náà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gé ìdá kan nínú mẹ́sàn-án rẹ̀ sọnù. Nínú àwòrán ọjọ́ ìbí, ìdá yẹn lè jẹ́ ògiri lásán. Nínú irú àwòrán tí mò ń yà, etí ni a ti sábà ń rí ohun tí ó sọ bí ohun ìṣeré náà ṣe dé ibẹ̀: ihò tí ó wà lára ọgbà, ojú ẹsẹ̀ kékeré nínú ẹrẹ̀, ẹnu gọ́tà tí omi ti gbé e jáde. Ọmọbìnrin yẹn ni ó sọ fún mi pé ẹ̀rọ wọn lè tẹ íǹṣì 6 sí íǹṣì 8, èyí tí ó bá ìwọ̀n fóònù mu rẹ́gírẹ́gí, tí kò sì ní gé ohunkóhun. Ẹ bèèrè fún un. Wọn kì í kọ ọ́ sára pátákó. Bí ó bá sì jẹ́ íǹṣì 4 sí 6 ni ẹ fẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi funfun sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dípò kí wọ́n gé àwòrán náà.

Ẹ má ṣe fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp bí ẹni ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, nítorí WhatsApp máa ń dín àwòrán kù kí ó tó gbé e lọ, èyí tí wọ́n sì pè ní HD láti ọdún 2023 dára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń dín in kù. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, ìyẹn ní ibi tí a ti ń fi ìwé ránṣẹ́, tàbí kí ẹ gbé fóònù lọ kí wọ́n fi wáyà fà á sínú kọ̀ǹpútà. Bébà íǹṣì 6 sí 8 ń fẹ́ píkísẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì tíntìntín tí ó para pọ̀ di àwòrán, 1,800 ní ìbú àti 2,400 ní gígùn kí ó tó mú dáadáa, kò sì sí fóònù òde òní tí kò ní tó bẹ́ẹ̀, bí a kò bá ti jẹ́ kí wọ́n dín in kù lójú ọ̀nà.

Àwọn ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó wà. Ẹ̀rọ tí mo ṣàpèjúwe yìí kò lè tẹ àwòrán ńlá. Bí ènìyàn bá fẹ́ èyí tí yóò gbé kọ́ ògiri, ẹ̀rọ mìíràn tí ń fọ́n yíǹkì ni wọ́n ń lò fún un, àwọ̀ àwọn ẹ̀rọ méjèèjì kò sì dọ́gba: ilẹ̀ tí ó pọ́n dáadáa nínú àwòrán kékeré a máa fà sí àwọ̀ ọsàn nínú èyí tí ó tóbi. Mo ti gbé mọ́tò alágolo yẹn padà fún wọn pé kí wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe láìgba owó mìíràn, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀kejì náà kò dé ibi tí ti kékeré dé. Títí wọn yóò fi tún ẹ̀rọ yẹn ṣe, n kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé iṣẹ́ ńlá lọ síbẹ̀. Férémù tí wọ́n ń tà kò dára tó; rọ́bà ni, gíláàsì rẹ̀ sì máa ń tẹ ojú àwòrán mọ́lẹ̀ tààrà láìsí páálí láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin ìgbà òjò lè mú kí bébà lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ ra férémù yín níbòmíràn.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé wọ́n lẹ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán mi mọ́ ojú fèrèsé iwájú ilé iṣẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Ilé tí kì í tẹ ọmọláńgidi kí ó tó mọ ibi tí ó ti wá kò yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán aago rọ́bà ọmọdé kan ni, tí ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Ìgbọ̀nà, ẹni tí ó bá sì mọ àdúgbò náà lè dá ẹnu ọ̀nà yẹn mọ̀ bí kò tilẹ̀ sí nọ́ńbà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, Bàbá sì bẹ̀ mí tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ sọ ọ́ ṣáájú bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ yín polówó.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tẹ àwọn àwòrán wọ̀nyí sórí bébà dípò kí n fi wọ́n sínú fóònù. Bí ohun ìṣeré tí mo bá rí bá ṣì dára, tí ó hàn gbangba pé ó sọnù ni, mo máa ń tẹ ẹ̀dà kan ní íǹṣì 4 sí 6, mo sì máa ń gbé e fún ìyá tí ń ta búrẹ́dì tàbí bísíkíìtì nítòsí ibẹ̀ pé kí ó bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ni oníbàárà rẹ̀, wọn kò ní fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú. Ọmọ tí mọ́tò rẹ̀ sọnù yóò dá a mọ̀ kí ó tó ná owó rẹ̀ tán. Ìyá kan ní Òkè-Bàálẹ̀ sọ fún mi pé, "Bùrọ̀dá, ọmọkùnrin kan ti wá o. Ó ní tòun ni, ó sì sá lọ mú un níbi tí ẹ ní ó wà." Kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣeé ṣe, ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò náà fi ṣá gbọ́dọ̀ hàn, apá tí ó já lára ọmọláńgidi gbọ́dọ̀ hàn, nítorí àwọn àbùkù wọ̀nyẹn gan-an ni ọmọ fi ń mọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Àwòrán tí wọ́n ti fọ mọ́ kò wúlò fún un. Ìbòrí tí ẹ̀rọ náà ń fi bo àwòrán sì ń jẹ́ kí ó lè dúró lára ìsọ̀ nínú ìrì àti ekuru ju bébà tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ lọ.

Ní ti owó, ẹyọ íǹṣì 4 sí 6 kan kéré sí iye tí àwọn kan náà ń gbà fún fọ́tò páṣípọ́ọ̀tì, íǹṣì 6 sí 8 kò sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Wọ́n máa ń fi owó kún un bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, nítorí náà ó dára kí ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ bèèrè bóyá iná wà. Iṣẹ́ kékeré kì í pẹ́ kí ó tó jáde bí èrò kò bá pọ̀. Ní ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọlé, fọ́tò páṣípọ́ọ̀tì ni wọ́n ń tẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́; ní oṣù kẹjọ pẹ̀lú, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí àwọn àlejò ń rọ́ wá sí Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, ilé iṣẹ́ náà máa ń kún fọ́fọ́. Mo sì mọ̀ pé àkókò yẹn gan-an ni bàlúùn, fèrè àti mọ́tò ìṣeré máa ń já bọ́ jù lọ lójú ọ̀nà tí ó lọ sí igbó náà, nítorí náà ẹ yà wọ́n, kí ẹ sì dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e kí ẹ tó gbé wọn lọ. Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọn a ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán fún ìrun, wọn a sì tún ṣí i ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún ọmọbìnrin tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà kí ó kọ ọ́ sára àpò yín pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.